Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ́ Jápa: Ìlú Wo Ni Páálí Ti Ń Yá Di Tẹni?

Bí nọ́ọ̀sì mẹ́ta bá jókòó síbì kan lóde òní, ọ̀rọ̀ wọn kì í pẹ́ kan físà, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé, “Ìlú wo ló yá wọ̀ jù?” Ní tèmi, ìbéèrè kan ṣáájú ìyẹn. Owó tí ẹ fẹ́ ná àti ọdún tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ yìí, páálí lẹ fẹ́ fi rà, ìyẹn ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke. Ẹ bi í báyìí: ọjọ́ wo ni páálí yóò di tèmi, ta ni yóò sì máa dì í mú títí ọjọ́ náà yóò fi pé?

| Ìlú | Ìgbà tí páálí ń di tẹni | Ẹni tó dì í mú kó tó di ìgbà náà |
|---|---|---|
| Ìlú Ọba | Lẹ́yìn ọdún márùn-ún | Agbanisíṣẹ́ |
| Amẹ́ríkà | Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé | Agbanisíṣẹ́ àti ìlà físà |
| Kánádà | Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, àmọ́ ìwé rẹ̀ ń jáde kí ẹ tó wọ bàálù | Kò sí, máàkì yín ni |
| Ọsirélíà (físà 189) | Ọjọ́ tí físà bá jáde | Kò sí, máàkì yín ni |

Nọ́ọ̀sì tó ti ní lísẹ́ńsì NMCN, ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì Nàìjíríà, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ sì rántí pé ní oṣù kejì ọdún 2024, NMCN kéde pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí ìwé òun fún ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ ti fi lísẹ́ńsì rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn nígbà náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, kó ro ọdún méjì yẹn mọ́ ètò rẹ̀ kó tó máa san owó ìdánwò kiri.

Ìlú Ọba

Ibí ni ẹsẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wa mọ̀ jù, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. CBT, ìdánwò tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nílé níbí, jẹ́ 83 pọ́n-ùn. OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń ṣe nígbà téèyàn bá dé ọ̀hún, jẹ́ 794 pọ́n-ùn, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) ló sì ń san án fún òṣìṣẹ́ wọn. Nínú IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí NMC (ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba) ń béèrè ni 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ. Físà Health and Care Worker tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020 sì tún yọ yín nínú owó ìlera tí àwọn oníṣẹ́ mìíràn ń san, 1,035 pọ́n-ùn lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Ẹni tó ní ọkọ tàbí ìyàwó pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ CBT yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Lọ́dún 2023, NMC tú àṣírí èsì tó mú ìfura wá láti ilé ìdánwò kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì ní kí àwọn tó ṣe é níbẹ̀ tún un ṣe. Ẹni tó mọ ìwé rẹ̀ dáadáa bá oníjìbìtì kó sínú ìfura kan náà.

Ibi tí páálí ti wá le ni pé ọdún márùn-ún gbáko ni agbanisíṣẹ́ fi ń dì í mú. Bí iṣẹ́ bá bọ́, tàbí tí ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe COS (ìwé agbanisíṣẹ́ tí ẹ fi gba físà) fún yín, ọgọ́ta ọjọ́ lẹ máa ń rí láti wá òmíràn. Ẹ ò gbọdọ̀ lò ju 180 ọjọ́ lọ lẹ́yìn odi láàárín oṣù méjìlá kankan. Bí ọdún márùn-ún bá wá pé, owó ILR, ìyẹn páálí Ìlú Ọba, di 3,029 pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọmọ àti ìyàwó náà ń san tiwọn, ẹ óò sì tún ṣe ìdánwò Life in the UK tí í ṣe 50 pọ́n-ùn. Ẹ tètè máa tu owó yẹn jọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba gbé àbá jáde pé kí ọdún mẹ́wàá di òṣùwọ̀n fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú àbá náà, dókítà àti nọ́ọ̀sì NHS yóò ṣì máa lo ọdún márùn-ún, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí care worker, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera, lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàtọ̀ ọdún mẹ́wàá nìyẹn láàárín ẹni méjì tí wọ́n lè jọ jáde nílé ìwé nọ́ọ̀sì kan náà!

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú sí àwọn tó ń gba nọ́ọ̀sì níyànjú pé kó gba ipò care worker nítorí ó yá. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni care worker tuntun kò ti lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà, ajẹ́ntì tó bá sọ lónìí pé òun ní COS care worker fún yín láti Èkó tàbí Abẹ́òkúta, irọ́ ló ń pa. Ẹ má tilẹ̀ bá a dúnàá-dúrà. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó COS fúnra rẹ̀, kò tọ́ kí ẹ rà á rárá.

Amẹ́ríkà

Lórí ìwé, ibí ló dára jù. EB-3, ọ̀kan lára físà ìṣíkiri oníṣẹ́, ni orúkọ ọ̀nà náà. Nọ́ọ̀sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Schedule A, iṣẹ́ tí ìjọba gbà pé èèyàn kò tó sí, nítorí náà agbanisíṣẹ́ kò ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé òun wá ọmọ ìlú títí. Ẹ ṣe NCLEX, ìdánwò lísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì (200 dọ́là), ẹ gba VisaScreen, ìwé tó jẹ́rìí sí ìwé nọ́ọ̀sì yín, agbanisíṣẹ́ fi fọ́ọ̀mù I-140 sílẹ̀ fún yín, ẹ sì tò sórí ìlà. Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé lẹ ti di onígíríìn káàdì, tẹbí-tará. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè béèrè fún jíjẹ́ ọmọ ìlú.

Ìlà yẹn ló máa ń gùn. Físà oníṣẹ́ tí Amẹ́ríkà ń fúnni lọ́dún jẹ́ nǹkan bí 140,000 fún gbogbo àgbáyé, EB-3 ní 28.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ọkọ, aya àti ọmọ sì wà nínú iye náà.

Èyí tó wá burú jù fún wa ni ìkéde ààrẹ Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún 2025. Ó fi Nàìjíríà àti Benin mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà ìṣíkiri dúró fún, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tó ti wà lórí ìlà, kó má fa ìwé rẹ̀ yọ. Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, èmi ò ní kó torí Amẹ́ríkà nìkan san kọ́bọ̀. Bí ajẹ́ntì bá sì gbé àdéhùn wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye tí ẹ máa san sí bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún tó pé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Àmọ́ NCLEX kì í ṣòfò, nítorí òun náà ni Kánádà ń lò.

Kánádà

Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń ṣa àwọn tí yóò fún ní páálí, kò bi yín pé ta ni ọ̀gá yín. Ọjọ́ orí, ìwé, ìrírí àti èdè ló ń fún yín ní máàkì, láti ọdún 2023 sì ni wọ́n ti ń ṣa àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́tọ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì: lọ́dún 2025, máàkì tí wọ́n fi mú èèyàn nínú àwọn ìṣàyàn ìlera kan sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 480, nígbà tí ti àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Kánádà kò sọ̀ dé 510. Máàkì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ní ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ Kánádà tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2025, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ta ìwé iṣẹ́ Kánádà fún yín torí máàkì, ẹ kí i kó máa lọ.

Owó fọ́ọ̀mù PR, ìyẹn páálí Kánádà, di 1,525 dọ́là Kánádà lórí àgbàlagbà kan lọ́dún 2024. Owó tó ń dẹ́rù ba èèyàn ni èyí tí ẹ máa fi hàn ní báńkì, ó lé ní 15,000 dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo, ó sì ń lọ sókè bí ẹbí bá ṣe pọ̀ tó. Ọjọ́ orí náà kì í dúró: láti ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jẹ máàkì yín.

PR nìkan kọ́ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì o. Lísẹ́ńsì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ló sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú páálí lápò tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó títí ìwé wọn fi jáde. Bó bá jẹ́ èmi ni, Nova Scotia ni màá kọ́kọ́ wò, torí láti ọdún 2023 ni ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì wọn ti mú Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n ń mú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì wọn yá kánkán. Ẹ ṣe NCLEX kí ẹ tó gbéra.

Àwọn tó kù

Jámánì ń fún òṣìṣẹ́ onímọ̀ tí wọ́n ti tẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ìwé ìgbélùú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àmọ́ èdè Jámánì ni owó ibẹ̀, ìpele B2 fún nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò ní sùúrù láti kọ́ èdè, kó gbàgbé rẹ̀. Ní Ireland, nọ́ọ̀sì wà lára iṣẹ́ Critical Skills, ó sì ń bọ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kan lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó ń jẹ́ Stamp 4, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Stamp 4 ṣì ní gbèdéke.

Ọsirélíà le díẹ̀ láti Nàìjíríà tààrà, owó físà 189 sì ti ju 4,700 dọ́là ibẹ̀ lọ. Ẹni tó yẹ kó gbé e yẹ̀ wò dáadáa ni nọ́ọ̀sì tó ti wà ní Ìlú Ọba tàbí Ireland. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, tó sì ti ṣiṣẹ́ wákàtí 1,800 láti ọdún 2017, lè gba ọ̀nà àbùjá wọ ìwé nọ́ọ̀sì Ọsirélíà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ILR ń kó lọ́kàn sókè lónìí, ẹ ka wákàtí yín, kí ẹ sì wo ọjọ́ ìbí yín pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá ti pé ọdún 45, 189 kò gbà á mọ́.