Ẹ̀rọ Ayẹ̀wò Ṣúgà Ti Ènìyàn, Nígbà Tí Ológbò Bá Ni Aláìsàn

Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn alárùn àtọ̀gbẹ fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò nílé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe nítorí ènìyàn bí kò ṣe nítorí Dúdúyẹmí, ológbò ìyá mi ní Adéwọlé, tí dókítà ẹranko sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ ń bá jà. Ẹnikẹ́ni tí ológbò rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, oògùn tí ó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ní Ìlọrin yìí, kí ó ra ẹ̀rọ náà kí ó tó ra ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ń purọ́ díẹ̀, kí ó sì mọ apá ibi tí irọ́ náà ń fì sí.

Ilé oògùn kan ní òpópónà Tàíwò ni mo ti rà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún ajá àti ológbò wà láyé, AlphaTrak ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò rí i ní gbogbo ibi tí mo ti béèrè, nítorí náà ti ènìyàn ni a ń lò. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, nǹkan bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà ni ó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀, ìyókù sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ti ológbò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan bíi 93 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ìṣirò ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sínú rẹ̀ yóò wá máa ka iye tí ó kéré sí òtítọ́. Àléébù yìí kò bà mí lẹ́rù púpọ̀, torí pé ó ń mú kí ènìyàn tètè fura sí ṣúgà tí ó rẹlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó pọn dandan kí dókítà mọ irú ẹ̀rọ tí a ń lò kí ó lè fi ojú tí ó yẹ wo àwọn iye náà. Kí a má sì máa pààrọ̀ ẹ̀rọ lójoojúmọ́.

Ẹ̀rù ni ìdí pàtàkì tí ayẹ̀wò fi yẹ kí ó jẹ́ ti inú ilé. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ológbò tí ara rẹ̀ dá máa ń wà ní nǹkan bíi 80 sí 120 mg/dL (mílígíráàmù ṣúgà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀), ṣùgbọ́n bí a bá há a mọ́ inú àgò, tí a gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá la àárín ìlú kọjá, tí ajá àjòjì sì ń gbó mọ́ ọn nílé ìwòsàn, ìpayà nìkan lè gbé iye náà kọjá 300. Lórí àpótí ìjókòó ìyá mi, ibi tí ó ti máa ń sùn, iye tí a ń rí sún mọ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sán gan-an ni owó tí a ná sí ẹ̀rọ yìí kò ti gbé. Yúnìtì 1 ínsúlíìnì láàárọ̀ àti yúnìtì 1 lálẹ́ ni dókítà fi bẹ̀rẹ̀, kí wákàtí 12 sì wà láàárín wọn. Aago méje ni a mú, èyí tí ó bọ́ sí àsìkò ìṣínu nígbà ààwẹ̀, tí ìyá mi sì máa ń sọ pé Dúdúyẹmí náà ń ṣínu. Dókítà kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ yí iye oògùn padà láìjẹ́ pé òun gbọ́ sí i, àti pé òun pàápàá kì í sábà fi kún un kí ọjọ́ márùn-ún sí méje tó pé, nítorí pé oògùn náà ń fẹ́ àkókò kí ó tó jókòó sí ara. Èrò ìyá mi, tí ó sì jẹ́ èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni pé bí iye àárọ̀ bá ga, kí a fi kún oògùn. Ohun tí dókítà ń wò jù ni ibi tí ṣúgà náà bá sọ̀ kalẹ̀ dé láàárín abẹ́rẹ́ méjèèjì, tí ó sì fẹ́ kí ó wà láàárín 80 sí 150. Ẹni tí ó rí 320 láàárọ̀, tí ó fi kún oògùn, tí kò mọ̀ pé iye náà ti wà ní 90 ní aago kan ọ̀sán, ológbò rẹ̀ ni yóò fi pa. Nítorí èyí ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí méjì-méjì láti aago méje àárọ̀ títí di aago méje alẹ́, bí dókítà bá ti ní kí a ṣe é, tí a sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ránṣẹ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ Dúdúyẹmí ti rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, àárọ̀ ga, ọ̀sán wà níbi tí ó yẹ, dókítà sì ní kí a dúró lórí yúnìtì 1.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ kò ju orí èèrà lọ. Bèbè etí ni a ti ń gbà á, lẹ́yìn tí a bá ti fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mú etí náà móoru. Ẹ̀rọ náà ń pa àwọn iye mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, èyí dára. Ohun tí kò dára ni pé ó máa ń ké píì bí ó bá parí, ológbò sì kórìíra igbe náà, àti pé ojú rẹ̀ kò ní iná, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ẹnìkan ní láti di tọ́ọ̀ṣì mú.

Owó ẹ̀rọ kọ́ ni ìnáwó, owó sítíríìpù ni, ìyẹn pélébé tí a ń kì bọ ẹ̀rọ láti gba ẹ̀jẹ̀, tí a sì ń jù nù lẹ́yìn ayẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Àádọ́ta ni ó wà nínú ìgò tí a ń rà, ayẹ̀wò ọjọ́ kan tí mo ṣàlàyé lókè yìí sì ń jẹ méje nínú wọn. Ooru oṣù kẹta Ìlọrin kò sì bá sítíríìpù náà rẹ́, kí a máa dé ìgò rẹ̀ pinpin ní ibi tí ó tutù níwọ̀nba. Ìgò ínsúlíìnì fúnra rẹ̀, inú fíríìjì ni, ní 2 sí 8°C, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín.

Ṣírìnjì ni mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ínsúlíìnì ènìyàn tí a ń lò ní 100 yúnìtì nínú mílílítà kan, ṣùgbọ́n àwọn kan tí wọ́n ṣe fún ẹranko ní 40 péré, ṣírìnjì kálukú sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi ṣírìnjì U-40 fa ínsúlíìnì U-100 dé àmì 1, yúnìtì méjì àbọ̀ ni ó fà. Ní ilé oògùn mìíràn tí mo yà sí, ṣírìnjì tí kò ní àmì yúnìtì rárá ni wọ́n nà sí mi.

Bí iye tí a rí ṣáájú abẹ́rẹ́ bá kéré sí 150, òfin tí dókítà wa fún wa ni pé kí a má gún un, kí a pe òun. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ 60, tàbí tí ẹsẹ̀ ológbò kò bá ranlẹ̀ mọ́, tàbí tí gìrì mú un, oyin ni a ó fi pa èrìgì rẹ̀, a ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá ní dókítà ẹranko, Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹranko. Dókítà náà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún bí ẹ bá fẹ́ mú tùwó àti ìrẹsì kúrò nínú oúnjẹ ológbò kí ẹ fi ẹja àti ẹran rọ́pò, nítorí pé ínsúlíìnì tí ó ń bá a mu tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù fún un. Àwọn ológbò mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kò nílò abẹ́rẹ́ mọ́ nígbà tí ó yá.

Bí ẹ bá dé ilé oògùn, ẹ béèrè èyí tí a lè pa igbe rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ní iná, kí ẹ sì wádìí bóyá sítíríìpù rẹ̀ wà ní ilé oògùn mìíràn kí ẹ tó sanwó.