Ilé-iṣẹ́ Agbanisíṣẹ́ Kan ní Bódìjà
Ilé-iṣẹ́ yìí ni mo ní kó bá mi wá oníṣirò owó. Wọ́n bo orúkọ àti ìlú àwọn tó ń wáṣẹ́ mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi yẹ ìdánwò wọn wò tán, èyí tó wù mí gan-an, nítorí kò sí àyè fún ọmọ ẹni tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Ẹni tí kò lò ó rí, ìyà ti jẹ ẹ́ kó tó jókòó. Irú àìdọ́gba bẹ́ẹ̀, tí àǹfààní agbègbè kan ju ti òmíràn lọ, wà lára ohun tí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 rò, tó fi ní kí ipò ìjọba àpapọ̀ kárí ìpínlẹ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ń ráhùn pé ìlànà náà ń ti ọ̀jáfáfá sẹ́yìn. Owó tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbà mọ níwọ̀n.