Àwọn tó bá wa yẹ ibi tí a fẹ́ gbé rédíò íntánẹ́ẹ̀tì sí wò ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Kí a tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀ láti fi rédíò gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ́fíìsì wa lọ sí ẹ̀ka wa kejì, tí ó jìnnà tó kìlómítà 5, a gba ilé iṣẹ́ kan láti Adó-Èkìtì pé kí wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò. Iṣẹ́ wọn gún régé. Ní ìlú tí àpáta bí Olósùnta dúró gbagidi sí, máàpù nìkan kò tó. Wọ́n gun òrùlé níhà méjèèjì, wọ́n sì ṣàlàyé pé kì í ṣe kí òpó kan rí èkejì nìkan, nítorí pé lórí 5.8 GHz (ìgbì rédíò tí a fẹ́ lò), ó yẹ kí àyè bíi mítà 5 ṣófo yí ìlà tààrà tó lọ láti òpó kan sí èkejì ká ní agbedeméjì ọ̀nà. Igi ìrókò kan ni wọ́n tọ́ka sí, tí wọ́n sì torí rẹ̀ fi kún gíga òpó, nítorí ewé tí òjò bá rin máa ń fa agbára rédíò mu gan-an. Owó wọn ga díẹ̀, àmọ́ ó tọ́ sí wọn. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé wọn kò ka wáyà tí ń gbé àrá wọlẹ̀ mọ́ ìdíyelé wọn, bẹ́ẹ̀ àrá Èkìtì kì í ṣeré.