Bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ṣeé ká: fóòmù tí wọ́n fẹ́ tà mọ́ ọn ló bí mi nínú

Bẹ́ẹ̀dì yìí fúnra rẹ̀ kò burú. Ọ̀rọ̀ fóòmù ni mo bá wá.

À ń múra àtilọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òṣogbo, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, mi ò sì fẹ́ kó sùn láàárín àgbàlagbà. Bí mo ṣe sanwó tán ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù gbé fóòmù rọ̀bọ̀tọ̀ kan jáde. "Ìyàwó mi, èyí tó wà nínú ẹ̀ yẹn ti fẹ́lẹ́ jù, ẹ̀yìn ọmọ á máa dùn ún." Mo ní ẹ ṣé mà, mi ò fẹ́. Wọ́n dín owó ẹ̀ kù. Wọ́n wá ní ṣé torí owó ni mo ṣe fẹ́ fìyà jẹ ọmọ. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi.

Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú bẹ́ẹ̀dì kí gbogbo wa jọ wò ó. Kò kún un. Mo ki ọwọ́ bọ àárín fóòmù àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Nẹ́ẹ̀tì yẹn a máa fà sẹ́yìn bí ọmọ bá fara tì í. Bó bá yí síbẹ̀, fóòmù á dí i nímú, ọmọ oṣù mẹ́ta ò sì lè yọ ara rẹ̀. Fóòmù pẹlẹbẹ tó le tó bá bẹ́ẹ̀dì wá kún un pẹ́pẹ́; ohun tó dáa lára rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìyá náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tajà ló fa ìwé inú páálí yọ: "Òótọ́ ni Àǹtí ń sọ, mà. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ká má fi fóòmù mìíràn kún un." Orí mi wú. Ó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tò ó: "Ẹ má tíì tẹ àárín ẹ̀ o. Ẹ fa ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè títí ẹ ó fi gbọ́ 'kẹ́', kẹ́ ẹ tó ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀." Ó fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bóyá á yẹ̀. Ó ní kí n ká a, kí n tún un tò, kò kánjú rárá. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

L'Óṣogbo, màámi fẹ́ ká da ọmọ dojú bolẹ̀, ká sì fi ìró wọn tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í polongo ní 1991, Amẹ́ríkà ní 1994, pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, iye àwọn tó ń kú lójú oorun sì lọ sílẹ̀ gan-an. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí aṣọ, kò sí bèbí ìṣeré níbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ìta bẹ́ẹ̀dì ni mo ta á sí, ó le dandan. Wọ́n mú iná lọ, síbẹ̀ atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọlé, ọmọ sùn dáadáa.

Bẹ́ẹ̀dì náà wúwo ju bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀ lọ, àpò rẹ̀ sì ti ń tú. Tìrìnàjò náà ni. Nílé, kọ́ọ̀tù onígi lọmọ ń sùn sí.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Méjì tí mo yọ, ti fóòmù yẹn ni: bí mo ṣe ń jáde, aboyún kan ń sanwó rẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ọmọkùnrin náà ni kẹ́ ẹ béèrè.