Àyẹ̀wò Ìwé: Nígbà tí Bourdieu Tú Ara Rẹ̀ Palẹ̀

Ìwé pẹlẹbẹ ni Esquisse pour une auto-analyse (ìyẹn, àwòrán ìtúpalẹ̀ ara ẹni), tí Pierre Bourdieu, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2002. Èdè Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún náà, ti Faransé sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2004. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Richard Nice ṣe ni mo rà, n kò sì kábàámọ̀ owó tí mo ná sí i.

Bourdieu kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ École normale supérieure ní Paris ni ó ti mú ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1950, nígbà tí òkìkí Sartre, onífìlọ́sọ́fì, gba gbogbo ìlú kan, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fìlọ́sọ́fì sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ nípa àwùjọ. Bachelard àti Canguilhem, àwọn tó ń wádìí bí sáyẹ́ǹsì ṣe ń dé ìdí òtítọ́, ni ó fara tì. Apá yìí ni mo gbádùn jù, nítorí láti ọdún 1938 ni Bachelard ti ní kí a tú ọkàn onímọ̀ palẹ̀ lọ́nà tí Freud, oníṣègùn tó dá ìmọ̀ títú ọkàn palẹ̀ sílẹ̀, là sílẹ̀, kí ohun tó fara sin níbẹ̀ má baà ṣì í lọ́nà. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni Bourdieu gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Habitus ni ó pe ìwà tí ilé àti ilé-ìwé gbìn síni lára títí a kò fi rántí mọ́ pé ńṣe ni a kọ́ ọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ kò bá òde mu: baba rẹ̀ ń pín lẹ́tà ní abúlé kan ní Béarn, ìgbèríko kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, òun sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Collège de France, ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ́lá jù ní Paris. Ó ní habitus òun là sí méjì, ọ̀rọ̀ tó sì fi ṣàpèjúwe rẹ̀ ni àwọn ọmọlẹ́yìn Freud nílẹ̀ Faransé ń lò fún ọkàn tó pínyà. Ó mú wa wọ ilé-ìwé tó ti ń gbé inú ọgbà nígbà èwe rẹ̀ ní Pau, ìlú kan ní Béarn: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ògiri tó funfun lókè tó sì ní àwọ̀ ewé tó ṣú nísàlẹ̀, àti ọmọdé tí kò rí ibi kan fi ara pamọ́ sí.

Àléébù kan wà tó dùn mí. Ó mẹ́nu ba àjálù kíkorò kan tó ti ń wúwo lé e lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, gbólóhùn kan péré ni, ó sì kọjá. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń tú ọkàn palẹ̀ ìbá ti bẹ̀rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà sí ojú ìwé yẹn, tí mo ń wá gbólóhùn kejì.