Simplex+ tàbí X-Terra Pro: èwo ni ká gbé wọ Odò Ògùn?

Àbúrò mi fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń wá irin, èyí tí omi kò lè bà jẹ́, torí etí Odò Ògùn ló fẹ́ máa lò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Méjì ló kù lọ́wọ́ wa: Nokta Simplex+ láti Turkey, àti Minelab X-Terra Pro láti Australia.

Simplex+ lè wọ omi dé mítà 3, èkejì dé mítà 5. Ẹni tí omi kò ní kọjá ìbàdí rẹ̀, kí ló fẹ́ fi mítà 2 yẹn ṣe? Ìwúwo wọn kò yàtọ̀, kílò 1.3 ni.

Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ pupa Abẹ́òkúta kún fún irin, ẹ̀rọ a sì máa ké lásán. Simplex+ ní láti mọ ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ ó máa gbé e sókè, ẹ ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ariwo á fi rọlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá yí padà, ẹ ó tún un ṣe. X-Terra Pro lè máa bá ilẹ̀ yí fúnra rẹ̀, ìyẹn sì wù mí gan-an.

kHz ni wọ́n fi ń ka bí ìgbì tí ẹ̀rọ ń rán wọ ilẹ̀ ṣe ń yára gbọ̀n tó. 12 kHz nìkan ni Simplex+ ń lò. Èkejì ní 5, 8, 10 àti 15. Èyí tó kéré dára fún ohun ńlá tó rì jìn, èyí tó ga fún yẹtí wúrà tín-ń-tín. Ọ̀níní ayé òyìnbó, èyí tó nihò láàárín, méjèèjì á rí i.

Mo ní kó mú X-Terra Pro.