Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra ẹ̀sìkavétọ̀ tòkúnbọ̀: iná fílítà tí kò tàn ló jẹ mí lówó

Ẹ̀yin ará, mílíọ̀nù 58 ni mo kó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mílíọ̀nù 58 náírà. Ọjọ́ 11 péré ni ẹ̀sìkavétọ̀ náà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀, fi ṣiṣẹ́ fún mi. Ní ọjọ́ kejìlá, apá rẹ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé agbede méjì, ó dúró síbẹ̀, kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi kàn ń wò mí. Àwọn ọmọ tó ń kó yanrìn sí típà ń fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá!

Yáàdì kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni mo ti rà á. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, torí lọ́yà ti ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú wọn. Kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ló ti ń pè mí ní “ẹ̀gbọ́n mi”. Ó gbé omi tútù fún mi, ó gbé àga fún mi, ó ń nù ún kí n tó jókòó. Ó ní láti Bẹ́ljíọ̀mù ni ẹ̀rọ náà ti dé, pé òyìnbó kan ṣoṣo ló lò ó, ọgbà ló fi ń gbẹ́. Ọgbà! Ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 20! Páìpù tí wọ́n máa ń de hámà tó ń fọ́ òkúta mọ́ ṣì wà lára apá rẹ̀. Mítà ní wákàtí 6,200 péré ló ti ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà orí pẹ́dà ti jẹ tán, irin ló ń dán níbẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni mo rí. Mo rí wọn, mo sì ń mu omi tútù.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ irú ẹ̀rọ yẹn láì tíì jí ẹ́ńjìnì, gbogbo iná ìkìlọ̀ inú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó kú. Báyìí ni ẹ̀rọ ṣe ń fi hàn yín pé iná òun pé. Ti ọ́ìlì tàn. Ti bátìrì tàn. Ti gbígbóná ẹ́ńjìnì tàn. Ti fílítà haidirọ́líìkì, ìyẹn asẹ́ epo tó ń gbé apá ẹ̀rọ, kò tàn. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Mi ò béèrè, torí ọpirétọ̀ mi dúró lẹ́yìn mi, ọkùnrin yẹn náà ń wò mí, mi ò fẹ́ dà bí ẹni tí kò mọṣẹ́. Ọdún 9 nídìí iṣẹ́ yìí! Mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé iná tí kò bá tàn, kò sí àìsàn nìyẹn. Ọ̀dọ̀yọ̀!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mú mẹkáníìkì dání o. Mo mú mẹkáníìkì dání. Ẹ́ńjìnì lòun mọ̀, ó sì sọ òótọ́, ẹ́ńjìnì dára. Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n lọ gé wáyà?

Wọ́n gé wáyà, ẹ̀yin ará. Rẹ̀wáyà tí mo pè lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ló fà á jáde lábẹ́ họ́ọ̀sì: wọ́n gé e kúrò lára sẹ́ńsọ̀ tó ń tan iná fílítà yẹn, wọ́n fi téèpù dúdú wé ẹnu rẹ̀, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n tún ti yọ gílóòbù iná ọ̀hún. Wọ́n gé wáyà, wọ́n tún yọ gílóòbù! Ẹni tó ṣe èyí kò ṣèèṣì. Ó dà bí ẹni tó fi àkísà dí ọmọdé lẹ́nu kó má baà ké pé ilé ń jó.

Iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ yẹn ń ṣe kò ju èyí lọ: epo tó ti ṣiṣẹ́ tán lápá àti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ máa ń gba inú fílítà kọjá kó tó padà sínú táǹkì. Tí ìdọ̀tí bá dí fílítà, epo á máa tì í láti ẹ̀yìn, agbára títì yẹn ni sẹ́ńsọ̀ ń gbọ́ tó fi ń tan iná. Tí ẹ ò bá dá a lóhùn, fáàfù kan á ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà, epo á gba ibẹ̀ kọjá tòun ti ìdọ̀tí, ó di inú pọ́ńpù. Nígbà tí a tú fílítà tèmi, bébà inú rẹ̀ ti rún. Èérún irin pupa bíi bàbà kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń dán wìnrìnwìnrìn nínú oòrùn. Inú pọ́ńpù ló ti ń já wá. Pọ́ńpù ti ń jẹ ara rẹ̀ tipẹ́ kí n tó mọ ọ̀nà yáàdì yẹn rárá.

Pọ́ńpù tòkúnbọ̀ mìíràn, mílíọ̀nù 7. Fífọ táǹkì àti gbogbo họ́ọ̀sì, ọ̀tọ̀. Dúrọ́ọ̀mù epo, ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ náà ti bọ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tí mo pe ọkùnrin yẹn, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: “Ẹ̀gbọ́n mi, tòkúnbọ̀ lẹ rà, kì í ṣe tuntun. Bẹ́ ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á, ó wà nínú rìsíìtì.” Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mi ò kà á.

Gbájúẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó dáa, mo mọ ẹnì kan ní Ṣágámù tí kò tíì rẹ́ mi jẹ rí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, òun náà tó bá kí mi “ẹ káàárọ̀”, ojú ọ̀run ni mo ń kọ́kọ́ wò.

Kí n yára sọ èyí tí ẹ lè fi ṣe nǹkan. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó tutù. Tí wọ́n bá ti jí i dè yín, ẹ béèrè ìdí. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ka iná. Ẹ mú rẹ̀wáyà dání, kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan: kó yọ ẹnu wáyà lára sẹ́ńsọ̀, kó so wáyà méjèèjì ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn, iná gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó jẹ́ òdìkejì, yíyọ ló ń tan tiwọn, nítorí náà kó mọ irú èyí tó wà níwájú rẹ̀. Tí iná bá tàn láàárọ̀ tí epo ṣì ki, tó kú nígbà tí epo gbóná, kò sí wàhálà. Tí kò bá kú, fílítà tàbí sẹ́ńsọ̀ ni. Ẹ fi ṣiṣẹ́ gidi fún wákàtí kan, kí epo gbóná, kí ẹ wò ó bóyá apá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n tú fílítà lójú yín. Àwọn kan tiẹ̀ ń yọ inú rẹ̀ dànù pátápátá, kí iná má baà tàn láé. Tí olówò bá kọ̀, ẹ wọ mọ́tò yín.

Lánàá, ọkùnrin yìí kan náà fi fọ́tò payloader, ẹ̀rọ tó ń bu yanrìn, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní láti Bẹ́ljíọ̀mù ni, òyìnbó kan ṣoṣo ló lò ó.